Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Mú Túnmiṣe

Bí o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ká gbogbo Ìlọrin kí ilẹ̀ tó ṣú, má wulẹ̀ lu agogo kiri. Sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ aládùúrà, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bò ọ́ láṣìírí. Ohun tí Fọláṣadé ṣe gan-an nìyẹn. Ó lọ bá Ìyá Ìjọ nílé, ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní kí wọ́n bá òun fi ọ̀rọ̀ ọmọ òun sínú àdúrà. Ìyá Ìjọ gbé e dìde, wọ́n nu ojú rẹ̀ nù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibí ló kú sí." Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti di kókó àdúrà lórí Wasáàpù àwọn ìyá. Kò sí ẹni tó pè é ní òfófó. Wọ́n kàn ní kí ẹni tó bá rí i fi ààwẹ̀ ran àwọn lọ́wọ́ ni, kí Olúwa yọ Túnmiṣe, ọmọ Alàgbà Ayọ̀dèjì, nínú ẹ̀mí Sódómù.

Bí bàbá ọmọ ṣe gbọ́ nípa ọmọ rẹ̀ nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ẹni tó ń bá a kẹ́dùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Túnmiṣe wà ní yunifásítì ní Malete. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá gbé fóònù rẹ̀, wọ́n ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí òun àti ọ̀dọ́kùnrin kan ń kọ síra wọn, wọ́n nà án, wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Ó fi ojú wíwú wọ bọ́ọ̀sì wá sílé. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe irọ́." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé wọn ní Gáà-Àkànbí, bíi pé aláìsàn wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé yìí, Ayọ̀dèjì jókòó sí pálọ̀, kò wẹ̀, kò fọwọ́ kan ògì tí ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀.

"Pásítọ̀ àti àwọn alàgbà ń bọ̀ lọ́sàn-án," ó ní. "Kí ọmọ rẹ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́."

Ọmọ tó dára ti bàbá ni, èyí tó burú ti ìyá ni. Láti kékeré ni Túnmiṣe ti jẹ́ "ọmọ mi" lẹ́nu Ayọ̀dèjì. Ọ̀sẹ̀ yìí ló di "ọmọ rẹ".

"Ẹrù ibo?" Fọláṣadé béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Òkè."

Òkè àdúrà kan tó wà lẹ́yìn Òkè-Oyi ló ń wí, níbi tí wọ́n ti ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára ènìyàn. Fọláṣadé kò dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti rí ẹni tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wárápá ń da Ìfẹ́olúwa, ọmọ ọ̀gá akọrin ìjọ wọn, láàmú, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó bọ̀, àpá ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kò kọrin mọ́, kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìjọ ṣe ìdúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

"Bàbá Túnmiṣe, ẹ rí ẹsẹ̀ Ìfẹ́olúwa."

"Mo rí i. Èmi náà ni mo dìde nínú ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ ń sunkún, mo ní ẹkún kì í lé èṣù. Kí ni kí n wá wí fún un lónìí? Pé ti ọmọ tèmi yàtọ̀?" Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Mo ti fi owó iléèwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lókè, fún ìtọ́jú."

"Ẹ ti sanwó kí ẹ tó bi mí?"

"Mo mọ̀ pé o máa jà." Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Pásítọ̀ ní àwọn kì í mú ọmọ lọ láìjẹ́ pé bàbá àti ìyá fi ẹnu ara wọn fà á kalẹ̀. Wọ́n á bi ọ́. O mọ ohun tó yẹ kí o sọ, Fọláṣadé. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Fọláṣadé mọ ohun tí òun máa sọ. Rárá ni òun máa sọ. Wọ́n á bi òun, òun á ní rárá, kò sì sí ẹni tó máa lè gbé Túnmiṣe jáde nínú ilé yìí. Ìrètí tó ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dì í mú gírígírí wọ ilé ìdáná lọ.

Àǹtí Bùkọ́lá ló bá níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó wọkọ̀ láti Ọ̀mù-Àrán nígbà tó gbọ́. Wọ́n gbé iṣu dání. Wọ́n ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run kì í wọ ilé àwọn kó jáde lébi, iyán ni kí á gún. Ẹ̀yin ẹ wò ó o. Wọ́n ń bọ̀ wá mú ọmọ lọ, ìyá ọmọ ló tún máa se oúnjẹ tí wọ́n máa fi lágbára láti mú un. Fọláṣadé kò jiyàn. Ó gbé ẹja àrọ̀ gbígbẹ sínú omi gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

"Ìwọ lo kẹ́ ẹ," Àǹtí Bùkọ́lá ní, bí wọ́n ti ń bẹ iṣu. "Mo sọ ọ́ nígbà náà, o ní mò ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Wò ó báyìí. Lefítíkù là á mọ́lẹ̀ gbangba pé ìríra ni."

"Àǹtí mi, Lefítíkù yẹn náà ló ní ìríra ni ẹja tí kò ní ìpẹ́." Fọláṣadé gbé ẹja sókè. "Ìpẹ́ dà lára èyí?"

Àǹtí Bùkọ́lá wo ẹja, wọ́n wo ìyàwó àbúrò wọn. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn.

"O ti ń bá Ọlọ́run dápàárá. Jésù ti sọ oúnjẹ di mímọ́, ó wà lákọsílẹ̀. Fi ibi tó ti sọ èyí náà di mímọ́ hàn mí. Pọ́ọ̀lù tún un kọ sínú Róòmù, Róòmù kì í sì í ṣe Májẹ̀mú Láéláé. Bí kálukú bá ń yọ ibi tí kò bá ọmọ tirẹ̀ mu kúrò, kí ló máa kù nínú Bíbélì? Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Kó má baà di pé ẹnikẹ́ni ṣi Fọláṣadé gbọ́: òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó ti sọ ìtàn Sódómù fún wọn títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sórí, ó sì gbà á gbọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ló ti ń wá ojú ọ̀nà kan nínú Ìwé tí ọmọ rẹ̀ lè gbà kọjá, kò tíì rí èyí tó dá a lójú. Ohun tó dá a lójú ni pé kò rí ibi tí Jésù ti so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tí ẹ̀mí èṣù ń gbé kiri ibojì, àwọn ará ìlú ló fi ẹ̀wọ̀n dè é.

"Mi ò ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Àǹtí mi. Mo ní kí wọ́n má so ó mọ́lẹ̀ ni."

"Ta ló ní wọ́n á so ó? Bó bá ti jókòó jẹ́jẹ́, kí ni wọ́n á so ó fún?"

Fọláṣadé gbé korobá, ó jáde lọ sí ìdí kànga, nítorí pé bó bá dúró, ó máa sọ ohun tí a kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Alájà Àríkẹ́, aládùúgbò wọn, wà níbẹ̀, wọ́n ń pọn omi àlùwàlá. Wọ́n jọ ń lo kànga yìí látìgbà tí Túnmiṣe wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, Alájà sì dàgbà jù ú lọ.

"Ìyá Túnmiṣe, mo rí i pé ẹ ní àlejò. Oúnjẹ ń ta sánsán, àmọ́ ojú rẹ kò jọ ti ẹni tó ń ṣe fàájì."

"Wọ́n ń bọ̀ wá mú Túnmiṣe lọ sórí òkè, Alájà."

"Òkè ẹ̀yìn Òkè-Oyi?" Alájà gbé agbè sílẹ̀. "Súbúhánalláhì! Ibi tí wọ́n ti ń na ènìyàn? Kí ló dé? Wàláhì, ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Jẹ́ kó gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ lágbolé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba, á sinmi síbẹ̀ títí fìtínà yìí á fi rọlẹ̀. Kí ló tilẹ̀ ṣe? Ó jí nǹkan ni?"

"Kò jalè, Alájà."

"Ó fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún?"

Ọlọ́run ló mọ bí Fọláṣadé ṣe fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ yà, kò lè pa irọ́ náà. Kò sì lè sọ òótọ́. Òfin ìjọba wà tó lè sọ ọmọ náà sẹ́wọ̀n, ìtìjú wà, etí wà káàkiri ògiri. Ó dúró, ó ń wo inú kànga.

Alájà Àríkẹ́ wò ó pẹ́. Àwọn náà ní ọmọ níléèwé ní Malete, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbọ́ nǹkan. Ojú wọn yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fa ìborùn wọn bo àyà.

"Àsítàgífírúláì," wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ìyá Túnmiṣe, mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ. Allah á fi àlùbáríkà sí i." Wọ́n gbé agbè wọn, wọ́n wọlé. Wọn ò tún mẹ́nu kan agbolé ẹ̀yìn Ọjà-Ọba mọ́.

Nígbà tí iyán kúnná tán, Fọláṣadé wọ yàrá ọmọ rẹ̀. Túnmiṣe jókòó sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ti fi bẹ́líìtì nà án lọ́rùn ṣì pọ́n. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dì í.

"Ta ló ní kí o di báàgì?"

"Bàbá."

Ó jókòó tì í. "Túnmiṣe, bí wọ́n bá dé, sọ fún wọn pé o ti ronú pìwà dà. Kí o kàn sọ ọ́ lẹ́nu."

"Màmá, ṣé kí n purọ́ níwájú Ọlọ́run?"

Ẹni tó kọ́ ọ pé a kì í purọ́ níwájú Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ààwẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n lọ gbà yẹn," ọmọ náà ní, "mo ti gbà á láti sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ rò pé èso ni mò ń jẹ nígbà tí mo bá ní mi ò jẹun alẹ́? Mo ti bẹ Ọlọ́run títí. Kò mú un kúrò. Kò sì lé mi dànù. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ọmọ ń gbààwẹ̀ nínú ilé òun, òun rò pé kò fẹ́ràn àmàlà! Fọláṣadé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbọ́ mi. Wọn ò lè mú ọ láìjẹ́ pé mo gbà. Wọ́n á bi mí, màá sì ní rárá."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá rẹ á bínú. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

Túnmiṣe fún ọwọ́ ìyá rẹ̀ pọ̀. Níta, ọkọ̀ dúró.

Pásítọ̀ Àlàó ló kọ́kọ́ wọlé, Ìyá Ìjọ tẹ̀lé wọn, alàgbà kan tẹ̀lé Ìyá Ìjọ. Ká sọ òótọ́, Pásítọ̀ Àlàó kì í ṣe ènìyàn búburú. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Fọláṣadé, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni wọ́n sùn sí lórí àga. Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ le, nítorí ènìyàn mọ bí a ṣe ń lé olè, kò mọ bí a ṣe ń lé ẹni tó ṣe é lóore. Wọ́n jẹun. Wọ́n yin iyán, wọ́n yin ọbẹ̀, alàgbà béèrè ẹja sí i. Ìyá Ìjọ fọwọ́ pa Fọláṣadé lẹ́yìn bí ẹni pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Ojú lará ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, wọ́n pe Túnmiṣe jáde. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó jókòó.

"Ọmọ mi," Pásítọ̀ ní, "èmi kọ́ ni mo kọ Bíbélì. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́, bóyá ǹ bá mú ibì kan rọ̀ nítorí tìrẹ, torí mo fẹ́ràn rẹ. Àmọ́ a rán mi níṣẹ́ ni. Ṣé o gbà pé ohun tí o ń ṣe lòdì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà, ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí Fílípì bá lójú ọ̀nà, òfin Mósè ò gba irú rẹ̀ láyè nínú ìjọ. Ó bi Fílípì pé kí ló dí òun lọ́wọ́ láti rìbọmi. Fílípì ò ní kó kọ́kọ́ lọ di ẹlòmíràn. Inú omi ni wọ́n jọ lọ."

Ayọ̀dèjì ń wo ilẹ̀. Pásítọ̀ mi orí, kò bínú.

"Ìbéèrè rẹ dára. Àmọ́ ìwẹ̀fà ò yan ipò tó wà, wọ́n ṣe é fún un ni. Ìwọ ń yàn."

"Èmi náà ò yàn án, sà. Ta ló máa yan èyí?" Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" alàgbà pariwo. "Ẹ ò gbọ́ bí ẹ̀mí náà ṣe ń ka Bíbélì? Èṣù náà ka Bíbélì fún Jésù!"

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè pé kó rọra. Fọláṣadé jókòó ṣánṣán. Ó ń retí ìbéèrè tirẹ̀. Ó ti tò ó sẹ́nu, *rárá, Pásítọ̀, mi ò fọwọ́ sí i*, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà ná," Pásítọ̀ wí.

Gbogbo wọn dìde, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tutù. Wọ́n di ojú.

"Baba, bùkún ọwọ́ tó se oúnjẹ tí a jẹ."

"Àmín."

"Orúnkún tó ń dun ẹ̀gbọ́n wa tó ti Ọ̀mù-Àrán wá, fọwọ́ rẹ tọ́ ọ."

"Àmín."

"Bàbá ilé yìí, má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì í láéláé."

"Àmín."

"Ọmọ yìí, tí ìyá rẹ̀ fà lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, tó sì tún fà lé ọ lọ́wọ́ lónìí, gbà á, Olúwa."

"Àmín."

Ẹnu rẹ̀ ló ṣe é. Ẹni tó bá dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ bó ṣe ń rí: ojú á dì, àdúrà á máa lọ, Àmín á máa tẹ̀lé e bí èémí. Kò sí ẹni tó ń dúró yẹ àdúrà wò kó tó ṣe Àmín sí i. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, Àmín ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ, ìyá ọmọ ni. Bóyá Pásítọ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe, bóyá ibi tí Ẹ̀mí darí wọn sí ni, èmi ò lè sọ.

"Ẹ ṣeun, Màmá wa," Pásítọ̀ ní, nígbà tí wọ́n la ojú. "Àmín yín ni a ń retí."

"Ẹ ò tíì bi mí," Fọláṣadé wí. "Pásítọ̀, ẹ ò tíì bi mí!"

"O ṣe Àmín," ni Àǹtí Bùkọ́lá wí. "Gbogbo wa gbọ́ ọ."

"Àdúrà ni mo ṣe Àmín sí!"

"Kí ni Àmín wá wà fún?" Ayọ̀dèjì béèrè. "Ṣé èèyàn ń ṣe Àmín fún Ọlọ́run kó tún gbà á padà? Àwàdà lo ń bá a ṣe?"

Ẹ̀rù ba Fọláṣadé. Òun náà gbà gbọ́ pé a kì í gba Àmín padà. Kò rí ẹni tó ṣe é rí. Bó bá gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí nǹkan bá wá ṣe ọmọ náà lọ́la, ta ló máa bi? Ó wo Túnmiṣe. Túnmiṣe ti ń wò ó, kò bínú, ojú rẹ̀ kàn dà bí ojú ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

"Mo gbà á padà," ó wí. "Ẹ gbọ́ mi o, mo gba Àmín mi padà. Ẹ ò ní mú ọmọ mi lọ síbẹ̀!" Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì.

Kò sí ẹni tó bá a jà. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

"Pásítọ̀," wọ́n wí, pẹ̀lú ìkáàánú gidi, "ó dà bíi pé ẹ̀mí náà ti mú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú."

"Ọkọ̀ gbà wá," alàgbà wí. "Ká kúkú gbé àwọn méjèèjì."

Ayọ̀dèjì gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Fọláṣadé dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀.

"Bí Pásítọ̀ bá ní ó yẹ bẹ́ẹ̀," ó wí.

Ìgbà náà ni Túnmiṣe dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó rọra mú apá ìyá rẹ̀ kan wálẹ̀, ó mú èkejì náà wálẹ̀.

"Mò ń bọ̀, sà," ó sọ fún Pásítọ̀. "Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀." Ó wá tẹ orí sọ́rùn ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ má sunkún. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe Àmín sí."

Wọ́n kó jáde. Fọláṣadé tẹ̀lé wọn dé ẹnu géètì láìwọ bàtà. Àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́nu ilé wọn. Alájà Àríkẹ́ wà lójú fèrèsé, wọ́n sì fa kọ́tìnì. Alàgbà jókòó ní apá ọ̀tún ọmọ náà, Ìyá Ìjọ ní apá òsì. Ọkọ̀ ṣẹ́ kọ́nà, ó lọ.

Nígbà tó padà wọlé, Àǹtí Bùkọ́lá ti ń palẹ̀ àwo mọ́. Ayọ̀dèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Ó na ọwọ́ sí i. "Ìyá Túnmiṣe, jọ̀ọ́ wá. Jẹ́ kí á gbàdúrà fún ọmọ wa."

Ó lọ kúnlẹ̀ tì í, nítorí ọmọ náà. Ayọ̀dèjì di ojú. Ó bẹ Ọlọ́run kó ṣọ́ Túnmiṣe, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ wọn wúwo jù lára rẹ̀, kó dá a padà fún àwọn bí ó ti wu ìfẹ́ Rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń retí Àmín.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún ìparí àdúrà náà wí, pẹ̀lú ohùn kékeré, ó tún dúró. Fọláṣadé la ojú sílẹ̀, ó ń wò ó, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.